Nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró: Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ewu tó ń bẹ fún ọkàn obìnrin

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń kìlọ̀ pé obìnrin tí àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń bá fínra gbọ́dọ̀ túbọ̀ máa ṣọ́ ọkàn rẹ̀ láti ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dáwọ́ dúró, nítorí pé àsìkò yẹn gan-an ni ààbò tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe fún ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ máa ń dín kù.

Ìkìlọ̀ yìí kò tíì dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé. Ní Trans-Ekulu, àdúgbò ńlá tó wà ní òdìkejì odò Ekulu ní ìlú Enugu, bí ó ti rí ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta náà ni ó rí: bí obìnrin bá ti lé ní ọmọ ọdún 50, àrùn jẹjẹrẹ ni ó sábà máa ń bẹ̀rù. Àrùn ọkàn kì í tètè wá sí i lọ́kàn, torí pé àrùn ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí, pàápàá àrùn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ìrònú pọ̀ fún. Bẹ́ẹ̀, nínú obìnrin 100 tó kú lágbàáyé ní ọdún 2019, nǹkan bí 35 ni àrùn ọkàn àti ti òpó ẹ̀jẹ̀ pa. Kò sí irú àrùn mìíràn tó pa obìnrin tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo irú obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ọdún 56. Ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́ sí Trans-Ekulu nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ kò tíì wọ́n ni wọ́n ń gbé. Mama Nkechi ni àwọn aládùúgbò ń pè é, bí Yorùbá yóò ti pe irú rẹ̀ ní Ìyá Bọ́lá. Ó tó ọdún 7 tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá. Ní ọdún kejì lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì kan sọ fún un pé ìfúnpá rẹ̀ ti ga. Ó ra oògùn, ó lò ó fún oṣù 2, ara rẹ̀ yá, ó sì fi oògùn sílẹ̀. Ní báyìí, bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn, ó ń dúró ní àárín méjì láti mí. Àgbà ti dé ni ó ń wí. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà ń sọ pé, "Mummy, ẹ máa rọra, ẹ kì í ṣe ọmọdé mọ́." Kì í ṣe obìnrin kan pàtó ni a ń ṣàpèjúwe níhìn-ín, ṣùgbọ́n agbára káká ni a fi lè rí dókítà ọkàn ní Nàìjíríà tí kò tíì pàdé irú rẹ̀.

Orúkọ tí a ń pe àìsàn náà wà lára ohun tó ń ṣi ni lọ́nà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni Yorùbá ń pè é, ohun tó bá sì ń ru, a máa ń retí pé kí ẹni tó ń ru nínú rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí kò bá gbọ́ kí ohunkóhun máa ru nínú rẹ̀ yóò ní ara òun le. Ọbara mgbali elu ni àwọn Ìgbò ń pè é, ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ ń tì lọ sókè, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ lè rò pé orí ni ó ń gùn lọ, kí ó máa retí orí fífọ́ kí ó tó gbà pé òun ń ṣàìsàn. Bóyá ìfúnpá ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ oògùn tí àwọn àgbà ń so mọ́ apá ni tẹ́lẹ̀. Láti ara ohun tí wọ́n bá fún mọ́ apá nìkan ni a ti lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ga tàbí kò ga. Kì í dunni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà lára wọn fún ọdún mẹ́wàá láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ohun tó ń yí padà nínú ara

Láti ìgbà tí ọmọbìnrin bá ti bàlágà ni ilé ẹyin rẹ̀ ti ń pèsè họ́mọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní estrogen. Gbogbo ayé mọ̀ pé ó wúlò fún oyún níní. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ó tún ń ṣiṣẹ́ fún òpó ẹ̀jẹ̀: ó ń mú kí ara òpó náà rọ̀, kí ó lè fẹ̀ nígbà tí ọkàn bá ti ẹ̀jẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì ń dín irú ọ̀rá tó ń lẹ̀ mọ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀ kù.

Bí ọjọ́ orí obìnrin bá ti ń sún mọ́ 50, ilé ẹyin a bẹ̀rẹ̀ sí í dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn Ilé-Ifẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1990 rí i pé nǹkan bí ọmọ ọdún 48 ni nǹkan oṣù sábà máa ń dá fún àwọn obìnrin tí wọ́n yẹ̀ wò. Láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ a pọ̀ sí i. Ọ̀rá ara tó wà ní ìbàdí tẹ́lẹ̀ a ṣí lọ sí ikùn, níbi tí ó ti léwu jù fún ọkàn. Ara a túbọ̀ máa di iyọ̀ mú. Òpó ẹ̀jẹ̀ pàápàá a máa le, bí rọ́bà tí oòrùn ti pa, dípò kí ó máa fẹ̀ kí ó sì máa padà. Bí òpó bá ti le, nọ́ńbà òkè nínú méjì tí nọ́ọ̀sì ń kọ sílẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń gùn, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti òpó nígbà tí ọkàn bá fún. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ lè wà níbi tó wà. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ìyá ẹni ọdún 60 gbà fún ẹni tó bá sọ pé, "Mama, ti ìsàlẹ̀ dára, ẹ má ṣe ìyọnu."

Láti ìlú Framingham ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, ni ẹ̀rí tó lágbára ti kọ́kọ́ wá. Ní ọdún 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn ará ìlú náà wò láti ọdún dé ọdún. Ní 1976, lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀ lé obìnrin 2,873 fún ọdún 24, wọ́n kéde pé àrùn ọkàn pọ̀ lára àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dá ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó ṣì ń rí i lọ. Ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n jọ wà. Nítorí náà kì í ṣe ogbó nìkan ni ó fa ìyàtọ̀ yẹn.

Ní ọdún 2004, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 52 fi hàn pé nǹkan bí ọdún 9 ni obìnrin fi ń pẹ́ ju ọkùnrin lọ kí ọkàn rẹ̀ tó dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì nígbà àkọ́kọ́. Ọdún 9 yìí gan-an ni ó ń tan obìnrin jẹ. Ó rí ọkọ rẹ̀, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí àrùn náà kọ lù ní 50, òun kò ní nǹkan kan, ó sì gbà pé kò kan òun. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2021, lórí àwọn ènìyàn tó lé ní 27,000, tún fi kún un pé nọ́ńbà tí ewu fi ń bẹ̀rẹ̀ fún obìnrin kéré sí ti ọkùnrin.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí dókítà kì í sábà béèrè, tí obìnrin fúnra rẹ̀ kì í sì í rántí sọ. Èkíní ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà oyún. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nínú oyún, tí ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ wú, tí wọ́n ní purotéènì ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde, tàbí tí gìrì mú un nígbà ìrọbí, wà nínú ewu àrùn ọkàn ní ìlọ́po méjì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá dàgbà, kódà bí ọmọ náà ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún. Èkejì ni ti ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ dá kí ó tó pé ọmọ ọdún 40, tàbí tí wọ́n yọ ilé ẹyin rẹ̀ méjèèjì nígbà iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe gbogbo obìnrin tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ nítorí ìju ni ó mọ̀ bóyá wọ́n yọ ilé ẹyin mọ́ ọn. Ó yẹ kí ó béèrè, kí ó sì kọ ìdáhùn náà síbi tí kò ti ní sọnù.

Ọkàn tó ń ṣe iṣẹ́ ju agbára rẹ̀

Apá ẹni tó ń gún iyán lójoojúmọ́ a máa ki. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ sínú òpó líle ní ìgbà tó lé ní 100,000 lójúmọ́ ṣe ń ki. Ṣùgbọ́n ohun tó dára fún apá kò dára fún ọkàn. Bí ara ọkàn bá ti ki, a le, kò ní lè tú ara sílẹ̀ dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ lè kún inú rẹ̀ kí ó tó fún un jáde. Ẹ̀jẹ̀ a wá máa dúró lẹ́yìn, omi a máa jò sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹsẹ̀ a máa wú ní ìrọ̀lẹ́. Irú àìlágbára ọkàn yìí, níbi tí ọkàn ṣì ń fún dáadáa ṣùgbọ́n tí kò lè kún bó ti yẹ, pọ̀ lára àwọn ìyá àgbà ju àwọn bàbá àgbà lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́jọ́ pípẹ́ sì ni ó sábà ń bí i.

Ní ilẹ̀ aláwọ̀ funfun, ẹni 70 ọdún sókè ni àìlágbára ọkàn sábà máa ń mú. Ti Áfíríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2012, àwọn dókítà orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn, gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí aláìsàn 1,006 tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn nítorí pé ọkàn wọn kò lágbára mọ́. Ọmọ ọdún 52 ni ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn. Ìdajì wọn jẹ́ obìnrin. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa ti 45 nínú 100 wọn. Ní Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti kó àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 jọ, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 2014, ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru fà lé ní 78 nínú 100.

Ẹ fi 52 yẹn wé 48 ti Ilé-Ifẹ̀. Ọdún 4 péré ni ó wà láàárín wọn. Kì í ṣe pé nǹkan oṣù tó dá ni ó ba ọkàn jẹ́ láàárín ọdún 4. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú láti ọmọ ọdún 35 tàbí 40 ni ó ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, ààbò tó ń dì í mú díẹ̀ wá lọ.

Ní ìpínlẹ̀ Enugu fúnra rẹ̀, àwọn dókítà láti Ilé Ìwòsàn Olùkọ́ni Yunifásítì Nàìjíríà, UNTH, lọ sí Imezi-Owa, ìlú àwọn àgbẹ̀ kan, wọ́n yẹ ènìyàn 858 wò láàárín ọmọ ọdún 40 sí 70. Obìnrin ni 611 nínú wọn. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2011 sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára nǹkan bí 46 nínú 100. Abúlé ni wọ́n ṣe èyí sí o, láàárín àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ìlú ńlá rò pé àìsàn yìí kì í dé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkúgbè, ọmọ bíbí Oǹdó tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìbàdàn lórí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn kíndìnrín, tó sì di olóògbé ní ọdún 2020, ni alága ìgbìmọ̀ tó kọ́kọ́ ka àwọn tó ní in káàkiri Nàìjíríà. Ní 1997, ìgbìmọ̀ náà sọ pé nǹkan bí 11 nínú àgbàlagbà 100 ni. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2021 sọ pé ó ti tó 32. Ẹni tó bá fẹ́ fi iye méjèèjì wéra gbọ́dọ̀ rántí pé 160/95 ni ìgbìmọ̀ ti Akínkúgbè fi ṣe ààlà, nígbà tí 140/90 jẹ́ ti òde òní, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ yẹn ni àlékún gidi. Ṣùgbọ́n ohun tó bani nínú jẹ́ jù nínú ìṣirò ti 2021 wà ní ìsàlẹ̀: nínú 100 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nǹkan bí 29 ni ó mọ̀, 12 ni ó ń lo oògùn, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì wálẹ̀ dé ibi tó yẹ kò tó 3.

Àmì tí wọ́n ń pè ní àgbà

Ooru tó ń bú jáde lójijì, òógùn òru, àìróorunsùn, àyà tó ń lù kìkì, àárẹ̀: gbogbo ìwọ̀nyí ni obìnrin mọ̀ sí àmì pé nǹkan oṣù ń kásẹ̀ nílẹ̀. Òótọ́ ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àárẹ̀ àti àyà tó ń lù jẹ́ àmì àrùn ọkàn pẹ̀lú, obìnrin a sì kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan. Dókítà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ara ọkàn bá dí, àyà a máa dun obìnrin gẹ́gẹ́ bó ti ń dun ọkùnrin, bí ẹni pé wọ́n gbé òkúta lé e. Ṣùgbọ́n obìnrin a tún máa ní àwọn àmì mìíràn ju ọkùnrin lọ: èémí tó ń kúrú, èébì, òógùn tútù, ìrora ní àgbọ̀n, ní ọrùn tàbí láàárín ẹ̀yìn, àárẹ̀ tó ré kọjá ààlà. Ìyá tí inú ń rìn, tí ẹ̀yìn ń dùn, tó sì ń làágùn ní agogo méjì òru, omi gbígbóná ni wọ́n máa ń fún un mu, tàbí kí wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni.

Àwọn àmì tó ń sọ pé ọkàn ti ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ẹ wo obìnrin tó ti ń fi ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta sùn nítorí pé bí ó bá dùbúlẹ̀ gbalaja kò ní lè mí. Ẹ wo bàtà tó há ní ìrọ̀lẹ́ tí kò há ní àárọ̀. Ẹ wo Mama Nkechi lórí àtẹ̀gùn yẹn.

Họ́mọ̀nù, oògùn àti ohun tó ń ba oògùn jẹ́

Nígbà kan rí, àwọn dókítà gbà pé bí estrogen tó lọ bá jẹ́ ìṣòro, kí wọ́n sáà dá a padà fún obìnrin nínú oògùn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi obìnrin 16,608 dán an wò. Ní oṣù kéje ọdún 2002 ni wọ́n dá àyẹ̀wò náà dúró ṣáájú àkókò, nítorí pé àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ lára àwọn tó ń lo àpapọ̀ estrogen àti progestin ju àwọn tí kò lò ó lọ. Lágbàáyé ni obìnrin ti da oògùn náà nù.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti yéni sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò yẹn ti lé ní ẹni 60 ọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Fún ẹni tí kò tíì pé 60, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dá tó ọdún 10, ewu náà kéré púpọ̀, dókítà sì lè fún un bí ooru ara bá ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n nítorí ooru ni, kì í ṣe nítorí ọkàn. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un wálẹ̀.

Oògùn tó ń mú un wálẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ní 2019, ìwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀ fi aláìsàn 728 ní orílẹ̀-èdè 6 ní Áfíríkà ṣe àfiwé àpapọ̀ oògùn méjìméjì. Àwọn tí amlodipine wà nínú tiwọn, yálà pẹ̀lú hydrochlorothiazide tàbí perindopril, ni ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ jù. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé oògùn méjì pọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Obìnrin tí wọ́n bá fún ní oògùn méjì kò ní láti rò pé ikú ti dé.

Ìdí tí wọ́n fi ń fi oògùn sílẹ̀ kì í ṣe owó nìkan, bí owó tilẹ̀ wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń fi owó ìfẹ̀yìntì jẹun. Amlodipine lè mú kí kókósẹ̀ wú, ó sì ń ṣe obìnrin bẹ́ẹ̀ ju ọkùnrin lọ. Lisinopril àti àwọn ẹbí rẹ̀ lè mú ikọ́ gbígbẹ wá, ti obìnrin tún pọ̀ jù níbẹ̀. Obìnrin tí ikọ́ kò jẹ́ kó sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò ju oògùn náà nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó yẹ ni kí ó padà lọ sọ fún dókítà pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, oògùn yìí kò bá mi lára mu," kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Òmíràn wà nínú irú wọn tí kì í fa ikọ́.

Ohun kan tí kò gba àfiyèsí tó yẹ ni oògùn orúnkún. Orúnkún dídùn àti nǹkan oṣù dídá jọ máa ń dé ni. Obìnrin a wá lọ sí ilé ìtajà oògùn, a ra diclofenac tàbí ibuprofen, a máa lò ó lójoojúmọ́ fún oṣù àti ọdún. Àwọn oògùn ìrora wọ̀nyí ń mú kí ara di iyọ̀ àti omi mú. Wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ gùn, wọ́n ń sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru di aláìlágbára, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá fún ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀ pọ̀ mọ́ lisinopril. Bí ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan bá kọ̀ láti wálẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n bi í ni ohun tí ó ń lò fún orúnkún. Paracetamol sàn fún un, òun náà kò sì gbọ́dọ̀ di oúnjẹ òòjọ́.

Aṣáà tí àwọn ìyá àgbà kan ń fà símú, tí Ìgbò ń pè ní utaba, ń gbé ẹ̀jẹ̀ gùn pẹ̀lú. Kò jọ sìgá lójú wọn, nítorí náà wọn kì í dárúkọ rẹ̀ fún dókítà.

Ní ti oúnjẹ, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má ju gíráàmù 5 lọ, ìyẹn bíi síbí ìpo-tíì kan, tòun ti èyí tó wà nínú magí, búrẹ́dì àti ìndómì. Okpa, tí òkìkí Enugu fi kàn, kì í ṣe ọ̀tá ọkàn. Ẹ̀pà rúbúrúbú, tó dà bí ẹ̀wà, ni wọ́n fi ń ṣe é. Iyọ̀, magí àti epo tí wọ́n ń pò mọ́ ọn ni kí a ṣọ́. Ìyá tó bá ń sè é fúnra rẹ̀ nílé lè dín wọn kù, ẹni tó ń rà á lójú títì kò lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìrìn kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, tí a lè pín sí ìṣẹ́jú 30 fún ọjọ́ 5, ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Òpópónà Trans-Ekulu ní ìdájí, kí ọkọ̀ tó pọ̀, tó fún un.

Nọ́ńbà náà àti ọ̀nà ilé ìwòsàn

Bí nọ́ńbà òkè bá tó 140 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 90 ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti mú ààlà yìí wá sí 130/80 láti ọdún 2017. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n wọ̀n lọ́nà tí kò tọ́ kò wúlò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ Márúwá, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò tíì tó wọ̀n. Kí ó kọ́kọ́ tọ̀, kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí apá wà ní déédéé ọkàn, kí ó má sì sọ̀rọ̀. Bí apá obìnrin bá tóbi, aṣọ kékeré tí wọ́n ń lò fún gbogbo ènìyàn yóò gbé nọ́ńbà ga ju bó ti rí lọ. Kí ó béèrè fún èyí tó tóbi.

Enugu kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ọkàn. Ní ọdún 1974, ní UNTH, ni wọ́n ti kọ́kọ́ la àyà ènìyàn ṣiṣẹ́ abẹ sí ọkàn ní Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu àti Magdi Yacoub, ọmọ Íjíbítì tó fi ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibi iṣẹ́, wà níbẹ̀. Àárín ìlú ni ilé ìwòsàn náà wà nígbà náà. Ní 2007 ni ó kó lọ sí Ituku-Ozalla, tó jìn tó nǹkan bí kìlómítà 21 sí ìlú lójú ọ̀nà Port Harcourt. Trans-Ekulu wà ní ìhà àríwá ìlú, nítorí náà ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dáṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lóru gbọ́dọ̀ la gbogbo Enugu já kí ó tó dé ibẹ̀. Ilé Ìwòsàn Olùkọ́ni ti ìpínlẹ̀ náà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Parklane, tó wà ní GRA, sún mọ́ wọn ju èyí lọ púpọ̀. Iṣan ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ ń kú ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, wákàtí tí wọ́n bá sì lò ní ilé ìtajà oògùn tàbí níbi tí wọ́n ti ń retí kí ilẹ̀ mọ́ kò ṣeé gbà padà. Ó yẹ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti pinnu, ní ọ̀sán, ilé ìwòsàn tí wọn yóò gbà lọ àti ẹni tí yóò wa ọkọ̀.

Láti 2006 ni wọ́n ti ya ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún sọ́tọ̀ lágbàáyé fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ìgbò, oṣù kẹjọ ni obìnrin máa ń péjọ jù, nígbà tí àwọn tó wà ní ìlú bá padà sí abúlé fún ìpàdé tí wọ́n ń pè ní August Meeting. Ìyá ìjọ, ìyá ọjà, olùkọ́ àti ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n máa ń pàdé níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ti kọjá ọjọ́ orí tí nǹkan oṣù ń dá. Ibi tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ bá ti pe nọ́ọ̀sì wá, kí obìnrin gba nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, òkè àti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí ó bá tó 140/90, kí ó tún un wọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí i nígbà tó bá padà sí Enugu, kí ó sì mú ìwé náà lọ bá dókítà, pẹ̀lú gbogbo oògùn tí ó ń lò nínú ọ̀rá, ti orúnkún wà lára wọn.